Àánú kọ́ la fi ń yan ajá

Nígbà tí mo sọ fún màmá mi lórí fóònù pé ajá ni mò ń kọ́ báyìí, wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé fóònù ti já. Nígbà tí wọn yóò sọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Àkànní, ṣé ajá ọdẹ ni?" Mo ní rárá o, ajá tí yóò máa bá sójà gbé ni, sójà tó ti ogun dé tí kò rí oorun sùn mọ́. Wọ́n tún dákẹ́. "Ajá ló máa wá rọ̀ ọ́ lóorun?"

Ará Oǹdó ni wá. Ní tiwa, ajá ni ẹran Ògún, ẹni tó bá sì ti bá wa ṣọdún Ògún rí mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ajá máa ń parí sí. Mi ò bá wọn jiyàn. Mi ò sì tíì sọ apá yìí fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ wa títí di òní.

San Antonio ní Texas ni mò ń gbé. Ìlú sójà ni. Lackland wà níbẹ̀, Randolph wà níbẹ̀, Fort Sam Houston wà níbẹ̀. Ní Lackland yìí náà ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ajá ogun Amẹ́ríkà, àwọn tó ń fi imú wá bọ́ǹbù. Ìyẹn kọ́ ni tiwa. Tiwa, ọgbà tí ìlú ń kó ajá tí kò lólúwa sí la ti ń lọ mú wọn, níbi tí wọ́n ti lè fún ajá ní abẹ́rẹ́ ikú tí àyè ò bá sí mọ́.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe tẹ́lẹ̀ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ja ogun Vietnam. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé tó bá ń sùn, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án léjìká. Ká dúró síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ká pe orúkọ rẹ̀. Lóru ọjọ́ kan mo gbàgbé. Kí n tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lọ́rùn mi. Nígbà tí ojú rẹ̀ là tó rí i pé èmi ni, ó bú sẹ́kún bí ọmọdé. Ogun tó parí ní 1975! Ọdún 1980 ni àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà tó kọ orúkọ PTSD, ìyẹn àìsàn ọkàn tí ẹ̀rù ńlá bí ogun máa ń fi sílẹ̀ lára ẹni, sínú ìwé wọn, bàbá yìí sì ti délé tipẹ́ kó tó di pé ohun tó ń ṣe é lórúkọ.

Nígbà tó yá, ọmọ rẹ̀ obìnrin mú ajá kan wá bá a. Ajá arúgbó, irun ẹnu rẹ̀ ti funfun. Ó rìn lọ tààrà síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé àgbọ̀n lé kókósẹ̀ bàbá, ó dúró síbẹ̀. Mo bi ọmọ náà pé ta ló kọ́ ọ. Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn tí mo ń bá ṣiṣẹ́ báyìí nìyẹn. Ìgbẹ́ ajá ni mo kọ́kọ́ ń kó fún oṣù mẹ́fà.

Ajá àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí n yàn, ẹkún ni mo fi yàn án. Ajá pupa kan ni, ó wà lẹ́yìn irin, ó gbórí lé ẹsẹ̀ iwájú, ó ń wò mí. Nígbà tí mo wọlé tọ̀ ọ́, ó tì mí lára, kò fẹ́ kí n lọ mọ́. Ọ̀gá wa, obìnrin kan tó ti lé lógún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ní irú èyí kọ́ là ń wá. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó wò mí, ó ní, "Ó dáa, gbé e. Ìwọ ni ẹ̀kọ́ yìí wà fún, kì í ṣe òun."

Ó gbọ́ àṣẹ gbogbo. Tí mo bá ní jókòó, á jókòó. Tí mo bá ní dùbúlẹ̀, á dùbúlẹ̀. Mo ti ń yangàn. Ní ọ̀sẹ̀ keje, mo mú un lọ sílé ìtajà ńlá kan, wọ́n já pákó ìkẹ́rù kan lulẹ̀ ní ìlà kejì sí wa, gbàmù! Ajá mi tò sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ bí aṣọ tó já lórí okùn. Ọmọkùnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù bẹ̀rẹ̀ láti wò ó, ajá náà sì gbá apá ẹ̀wù rẹ̀ mú. Eyín kò kan ara, Ọlọ́run ló ṣe é, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ ajá pupa parí. Ó wà lọ́dọ̀ tíṣà kan tó ti fẹ̀yìntì báyìí, ó ní ẹ̀yìnkùlé, ó ti sanra kọjá ààlà.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ ohun tí ọ̀gá wa ń wò. Ajá tó bá rọ̀ mọ́ ọ nínú ọgbà, òun náà ń wá ẹni tí yóò gba òun sílẹ̀ ni. Sójà tó ń wá ìrànlọ́wọ́ kò lè máa gbé ajá tó ń wá ìrànlọ́wọ́ pọ̀n. Ẹni tí yóò dáni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Àwo irin ni ọ̀gá wa máa ń mú lọ sọ́gbà. Á dúró jìnnà díẹ̀, á jẹ́ kó bọ́ lulẹ̀, á máa kà lọ́kàn. Gbogbo ajá ló máa ń ta gìrì; kò sí ajá tí kì í ta gìrì àfi èyí tó dití. Ohun tó ń kà ni iye ìgbà tí ajá yóò lò kó tó padà wá fi imú wo ohun tó bọ́ náà. Ajá pupa, ká ní mo gbà pé kí wọ́n dán an wò, ì bá máa wà ní kọ̀rọ̀ títí di òní.

Ajá kan tí mo padà sọ ní Sùúrù padà wá kó tó kà dé mẹ́ta. Ajá dúdú, kò tóbi, etí kan dúró, èkejì ṣẹ́. Ó gbóòórùn àwo náà, ó lá a, ó wò wá bí ẹni tó ń bèèrè pé oúnjẹ dà. Kò wá rọ̀ mọ́ mi. Kódà ojú mi ò tíì gbé e nígbà náà, mo rò pé ọ̀yájú ni.

Ó ní aràn ọkàn. Ẹ̀fọn ló ń gbé aràn yìí kiri láti ara ajá dé ara ajá, Texas sì lẹ́fọn ju bó ṣe yẹ lọ. Aràn náà á máa gùn bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ nínú ọkàn àti inú iṣan tó ń lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Dókítà ẹran fún un ní oògùn oníhóró fún oṣù kan; lẹ́yìn náà, abẹ́rẹ́ kan sínú iṣan ẹ̀yìn ìsàlẹ̀; oṣù kan tún kọjá, abẹ́rẹ́ méjì, ọ̀kan lónìí, ọ̀kan lọ́la. Kò gbọ́dọ̀ sáré ní gbogbo àsìkò yẹn, nítorí òkú aràn lè lọ dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró kó sì pa á. Ẹ wo ajá ọlọ́dún méjì tí wọ́n ní kó má sáré! Inú àgò kan ní pálọ̀ mi ló wà fún ọ̀pọ̀ oṣù. Níbẹ̀ ló ti gba orúkọ yẹn, èmi tí mò ń pè é gan-an ni mò ń fi orúkọ náà bá wí. Bàbá bàbá mi tó jẹ́ ọdẹ máa ń sọ ajá rẹ̀ lórúkọ báyìí pẹ̀lú. Tanímọ̀la ni tiẹ̀, gbogbo àdúgbò ló sì mọ ẹni tí orúkọ náà ń bá wí.

Ọ̀rọ̀ bàbá yìí jọ mí lójú nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mi ò rí i kó na Tanímọ̀la rí. Tí ẹran bá ti bọ́ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan, á gé ìfun díẹ̀ sọ sí i, lójú ẹsẹ̀, níbi tí ẹran ṣubú sí. Àwọn tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ní ìwé ńláńlá lórí ìdí tó fi yẹ kí èrè ajá tètè tẹ̀ lé iṣẹ́ rẹ̀.

Bí a ṣe ń kọ́ ajá láti jí ẹni tó ń lálàá burúkú nìyí, kò sí idán kankan ńbẹ̀. Ajá á kọ́kọ́ mọ̀ pé tóun bá fi imú kan àtẹ́lẹwọ́ mi, ike kékeré tó wà lọ́wọ́ mi kejì á dún "tá", ẹran á sì tẹ̀ lé e. Ẹ̀dọ̀ adìẹ ni mo máa ń bọ̀ fún Sùúrù, mo gé e wẹ́wẹ́ bí ẹ̀wà. Tó bá ti mọ ìyẹn dájú, mo á gbé ọwọ́ lé orúnkún, kó wá kàn án níbẹ̀. Mo á mú ọwọ́ kúrò, kó ku orúnkún nìkan. Mo á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn orúnkún náà, bí ẹni tí ara rẹ̀ ò balẹ̀, títí gbígbọ̀n yẹn fi di ohun tó ń pe ajá, láìjẹ́ pé mo la ẹnu. Ìyẹn nìkan ti tó iṣẹ́ lójú ọ̀sán: ọ̀pọ̀ sójà kì í mọ̀ pé ẹsẹ̀ àwọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nínú ọkọ̀ tàbí ní ilé oúnjẹ, ajá ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀.

Lẹ́yìn náà ló kan bẹ́ẹ̀dì. Mo pa iná, mo dùbúlẹ̀, mo ń bá aṣọ ìbora jà, mo ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, mo ń kérora. Ìyàwó mi ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́ ọjọ́ kan tí mi ò retí rẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn, ó bá ọkọ rẹ̀ tó ń ta pàrà nínú òkùnkùn, ajá dúdú sì wà lórí rẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Ó ti gbé bàtà sókè kí n tó tan iná. Sùúrù ò kúrò lórí ẹsẹ̀ mi o. Mo fún un lẹ́dọ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta.

Ibi ẹsẹ̀ la ti ń kọ́ ajá láti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ojú. Mo mọ ìdí. Á fi imú ti ẹsẹ̀, tí ẹni náà ò bá jí, á gbé ẹsẹ̀ iwájú lé bẹ́ẹ̀dì, tí kò bá jí síbẹ̀, á gun orí itan rẹ̀, á fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ lélẹ̀. Ìwúwo yẹn máa ń mú èémí ẹni wálẹ̀. Àwọn ajá mìíràn ń tẹ bọ́tìnnì iná, àwọn mìíràn ń lọ gbé àpò oògùn wá.

Ọ̀kan wà tí àwa olùkọ́ máa ń jiyàn lé lórí. A lè kọ́ ajá láti dúró sẹ́yìn olówó rẹ̀ lórí ìlà, kí ẹnikẹ́ni má bàa sún mọ́ ọn láìmọ̀. Ajá tó lẹ́ni lẹ́yìn á pa ọ̀bọ, ṣùgbọ́n níhìn-ín ajá ló wà lẹ́yìn èèyàn. Àwọn sójà fẹ́ràn èyí gan-an. Àwọn dókítà ọpọlọ kan sì ń sọ pé tí ajá bá ń ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ lójoojúmọ́, ìgbà wo ló máa mọ̀ pé kò sí ọ̀tá lẹ́yìn òun? Tẹ́lẹ̀, mo máa ń bínú sí ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò bínú sí i mọ́. Mo ti rí ọkùnrin kan tí kò lè jáde lọ ra búrẹ́dì láìsí ajá rẹ̀, lọ́jọ́ tí ajá náà sì ṣàìsàn, ebi ló pa á mọ́jú. Nísinsìnyí, mi ò kì í fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀. Mo sì máa ń bèèrè bóyá ẹni náà ṣì ń lọ rí dókítà rẹ̀, nítorí ajá kì í ṣe ìpààrọ̀ ìtọ́jú. Ìwádìí kan jáde ní 2024 láti ọwọ́ olùwádìí kan, Maggie O'Haire, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, lórí sójà àti ẹni tó ti fẹ̀yìntì lógun, 156. Ajá ti ẹgbẹ́ K9s For Warriors ní Florida ni wọ́n lò, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ajá ọgbà bíi tiwa. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àwọn tó gba ajá mọ́ ìtọ́jú wọn sàn ju àwọn tó ṣì wà lórí ìlà lọ, lójú àwọn dókítà tí kò mọ ẹni tó lájá àti ẹni tí kò ní. Wọ́n sàn jù. Kò sẹ́ni tó sọ pé gbogbo wọn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí mo bà jẹ́ lára Sùúrù, mi ò mọ̀ títí ọjọ́ tí olówó rẹ̀ dé. Sájéńtì kan ni, òyìnbó, ọmọ Texas. Ó di okùn mú, ó ní "Let's go." Sùúrù jókòó. Ó tún un sọ, Sùúrù ń wò mí. Àṣé ní gbogbo àkókò yẹn, kí n tó sọ àṣẹ gidi, mo ti máa ń kọ́kọ́ sọ pé "Ó yá" láìfura. "Ó yá" yìí ni ajá gbọ́, èdè òyìnbó tó tẹ̀ lé e kò jẹ́ nǹkan kan létí rẹ̀. Ojú tì mí. Ọ̀gá wa rẹ́rìn-ín débi pé ó fara ti ògiri. A lè tún ajá kọ́, kò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n sájéńtì ní kí a fi í sílẹ̀, òun fúnra òun ló máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ "Ó yá". Odindi ọ̀sán ló fi ń sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè níbi tó yẹ kó wálẹ̀. Sùúrù ṣe sùúrù fún un.

Ní ti òfin, kúkúrú ni mo máa sọ ọ́. Lábẹ́ ADA, òfin Amẹ́ríkà ọdún 1990 lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláìlera, ajá tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ pàtó fún aláìlera lè bá a wọlé síbi tí gbogbo èèyàn ń wọ̀. Ìbéèrè méjì péré ni ẹni tó ń ṣọ́nà lè bi ọ́: ṣé nítorí àìlera ni ajá yìí fi wà pẹ̀lú rẹ, iṣẹ́ wo ni wọ́n kọ́ ọ? Kò lè bèèrè ìwé, kò lè bèèrè àìsàn. Pé ajá ń mú inú rẹ dùn kì í ṣe iṣẹ́ lójú òfin. Ẹ̀wù pupa tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ kò níye lórí rárá, àwọn tó ń rà á fún ajá tó ń gbó mọ́ gbogbo èèyàn sì ni wọ́n jẹ́ kí wọ́n máa wo tiwa bí olè. Wọ́n ti lé èmi àti Sùúrù jáde níbì kan rí nítorí irú ajá bẹ́ẹ̀ tó bá wọn jà ní ọjọ́ tó ṣáájú. Ìjọba náà ń rìn díẹ̀díẹ̀: ní oṣù kẹjọ 2021 wọ́n fọwọ́ sí òfin PAWS, tó ní kí ilé ìwòsàn àwọn tó ti fẹ̀yìntì lógun ní ìlú márùn-ún, San Antonio wà lára wọn, jẹ́ kí àwọn tó ti jagun máa fi kíkọ́ ajá ṣe ìtọ́jú ara wọn. Ìyẹn dára. Mo ti rí ọwọ́ tó ń gbọ̀n tí kò gbọ̀n mọ́ nítorí pé ajá tó wà níwájú rẹ̀ ń retí kó dúró jẹ́ẹ́.

Ọmọ Yorùbá kan wà tí mo ti ń sún ọ̀rọ̀ rẹ̀ síwájú. Ètò tí wọ́n ń pè ní MAVNI ló gbà wọ iṣẹ́ ológun, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009 láti gba àjèjì tó gbọ́ èdè tí Amẹ́ríkà ń wá. Yorùbá wà lára èdè náà. Afghanistan ni wọ́n gbé e lọ. Nígbà tó dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lóru, ìyàwó rẹ̀ sì sọ fún pásítọ̀ wọn pé ogun ojú oorun ni. Wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n fi òróró kun igun bẹ́ẹ̀dì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mi ò fi wọ́n ṣẹ̀sín o. Ogun ojú oorun ni lóòótọ́.

Ẹnì kan ló júwe mi fún un. Mo jókòó tì í, mo rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń bá ọlọ́fọ̀ sọ̀rọ̀, mo ní mo mọ ohun tó ń là kọjá. Ó wò mí. "Ẹ̀gbọ́n, èmi ò ya wèrè." Ó dìde, ó lọ. Nínú mọ́tò mi ni mo ti rántí ajá pupa. Ẹkún náà ni mo tún fi yan èyí.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ló padà fúnra rẹ̀. Bàlúùnù ló bẹ́ níbi ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀, abẹ́ tábìlì ni àwọn ọmọ ti rí i. Kò jókòó lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní, "Ẹ ṣáà sọ fún mi, kí ni ajá yẹn ń ṣe gan-an?" Mi ò rẹ ohùn sílẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ níbẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn ẹsẹ̀, ajá funfun kan tí mo ń kọ́ nígbà náà, tó ní àmì dúdú lójú kan, fi ìyókù oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá gun itan mi. Ọ̀gbẹ́ni yìí ní kí n tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ó ní kí n dìde, òun náà dùbúlẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ló kù. Nọ́ọ̀sì ni, ó mọ PTSD ju èmi lọ níbi iṣẹ́. Nínú yàrá tirẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ajá ò ní wọ yàrá tí mò ń sùn." Mo ní ajá ò lè jí ẹni tí ilẹ̀kùn wà láàárín wọn. Ó ní òun gbọ́. Pálọ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹní ajá sí. Lóru, ajá á gbọ́ ariwo, á wá ha ilẹ̀kùn, ìyàwó ni yóò dìde ṣí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó rẹ̀ ẹ́ láti máa dìde, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹní kúrò ní pálọ̀, ó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọkọ gbọ́: "Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo ti gbé ẹní rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ẹsẹ̀ méjèèjì tó wà níwájú ti wọlé, mo ṣì ń ṣe bí ẹni tí kò rí i."